Durkheim àti Búdà: ibi tí ọ̀nà wọn ti pín ni kó o dúró sí

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní o fẹ́ fi pọ́rọ́jẹ́ẹ̀tì àṣekágbá rẹ wo ìjọra tó wà láàárín àwọn àgbà sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwùjọ, Durkheim, Weber, Marx, àti ohun tí Búdà, olùkọ́ ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, fi kọ́ni, súpáfáísọ̀ rẹ wá ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò bára mu, pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ àwùjọ, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ọkàn, o wá ń bèèrè bóyá kó o yí tọ́píìkì padà. Má yí i padà o. Mo ṣe irú ẹ̀ fún Másítàs mi, ó gba oorun lójú mi torí iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe lọ́sàn-án, òru ni mo fi ń kàwé lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ dá mi lójú, òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí wàá fi dá súpáfáísọ̀ rẹ lóhùn. Kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé, Durkheim fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Lọ ṣí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1912, The Elementary Forms of the Religious Life, orí kìíní gan-an. Ibẹ̀ ló ti ń wá bó ṣe máa sọ ohun tí ẹ̀sìn jẹ́. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ bíi Tylor, onímọ̀ nípa àṣà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní ẹ̀sìn ni kéèyàn gbà pé àwọn ẹ̀mí wà, ẹ̀sìn Búdà sì wà lára ohun tí Durkheim fi já ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ẹ wo òtítọ́ mẹ́rin tí Búdà kọ́ni, ìyà wà, ìyà ní orísun, ìyà ṣeé fòpin sí, ọ̀nà tá a lè gbà fòpin sí i nìyí, níbo ni ọlọ́run kankan wà nínú ẹ̀? Síbẹ̀ ẹ̀sìn ni. Ìdí nìyẹn tó fi yọ ọlọ́run kúrò nínú ìtumọ̀ tó fún ẹ̀sìn, tó wá fi ohun mímọ́ àti àwùjọ àwọn tó jọ ń bọ̀wọ̀ fún un sí i. Ìtumọ̀ tí gbogbo wa há sórí fún ìdánwò yẹn, ọ̀dọ̀ Búdà ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gbé ojú ìwé yẹn lọ bá súpáfáísọ̀ rẹ, má bá a jiyàn, ṣáà fi hàn án. Ohun tó jẹ́ kí tèmi fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ìwé tí mo fẹ́ kó o fi sùn kó o fi jí ni Suicide, tó kọ ní 1897, pàápàá ibi tó ti ń ṣàlàyé anomie, ìyẹn ipò tí kò ti sí ìlànà tó ń pààlà fún ìfẹ́ ọkàn èèyàn. Ó ní ẹranko tó bá ti yó ti yó, ara ẹ̀ ló ń sọ fún un pé ó tó. Èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkankan nínú ara wa tó máa sọ pé owó yìí tó, ipò yìí tó, ìgbádùn yìí tó, tá a bá fi ìfẹ́ ọkàn wa sílẹ̀ fún ara ẹ̀, ńṣe láá máa sá lọ, òùngbẹ tí kì í tán ni, ìyà sì ni. Ẹ̀rí tó kó kalẹ̀ ló mú mi. Kò ṣòro láti gbà pé tí ọrọ̀ ajé bá dojú dé, bíi ti Vienna ní 1873, àwọn tó ń pa ara wọn á pọ̀ sí i. Durkheim ní ẹ dúró ná, nígbà tí owó bá ya wọlé lójijì náà wọ́n ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn ibi tí ìṣẹ́ ti wọ́pọ̀ nígbà ayé rẹ̀, Ireland, Calabria ní Ítálì, Spéènì, díẹ̀ báyìí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àìní nìkan kọ́ ló ń ba ayé èèyàn jẹ́, àìsí ààlà náà ń bà á jẹ́.

Wàyí o, lọ ka ìwàásù àkọ́kọ́ tí Búdà ṣe ní ọgbà àgbọ̀nrín ní Sarnath, lẹ́bàá Varanasi, fáwọn márùn-ún tí wọ́n ti jọ ń febi pa ara wọn tẹ́lẹ̀. Ó ní orísun ìyà ni ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, èyí tó ń wá adùn níbí, tó ń wá a lọ́hùn-ún. Ó jọra gan-an. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí, wọ́n á fa ilà sáàárín ojú ìwé, Durkheim lápá òsì, Búdà lápá ọ̀tún, wọ́n á to ìjọra sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lọ jìnnà, torí ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò á kàn bi ẹ́ pé, tó bá jọra ńkọ́? Ìyá àgbà nílé wa náà mọ̀ pé ojú ọmọ aráyé kì í tó.

Ohun tó yẹ kó o bi àwọn méjèèjì ni pé, kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Durkheim ní èèyàn ò lè dá ara rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, agbára tó ju ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, tí a sì ń bọ̀wọ̀ fún, ló lè pààlà fún un, àwùjọ ló sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ààlà ló sọ o, kò ní ká fa ìfẹ́ ọkàn tu. Búdà ní ó ṣeé fà tu tegbòtegbò.

Ẹni tó bá gbọ́ eléyìí á sáré sọ pé ṣé ẹ rí i, àwùjọ ni ti Durkheim, ọkàn ni ti Búdà, ohun tí súpáfáísọ̀ rẹ ń sọ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tí mo sì ti lo ọ̀pọ̀ òru nìyí. Búdà ò fi àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ sílẹ̀ kí kálukú lọ máa bá ọkàn ara ẹ̀ jà. Ẹgbẹ́ ló dá sílẹ̀, Sangha, ó sì fún wọn lófin. Lọ́dọ̀ àwọn Theravada, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan, òfin mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó wà nínú Sangha, jẹ́ 227: iye aṣọ tó lè ní, pé kò gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́yìn ọ̀sán, pé kò gbọ́dọ̀ gba wúrà tàbí fàdákà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí òṣùpá bá kún, tó bá tún di tuntun, wọ́n á péjọ, wọ́n á ka òfin yẹn jáde létí ara wọn, ẹni tó bá ti ṣẹ̀ á ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Jọ̀ọ́, ka ohun tí Durkheim kọ nípa báwọn ọmọ onílẹ̀ Australia ṣe ń kóra jọ ṣe ètùtù, bí ẹgbẹ́ ṣe ń sọ ara ẹ̀ dọ̀tun níbẹ̀, kó o wá padà wá wo uposatha, ọjọ́ ìpéjọ àwọn mọ́ǹkì yìí, inú ẹ á dùn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà nínú Samyutta Nikaya, ọ̀kan nínú àwọn àkójọ ìwàásù Búdà, Ananda, ọmọlẹ́yìn ẹ̀, wá bá Búdà, ó ní ọ̀rẹ́ rere jẹ́ ìdajì ìgbé ayé mímọ́, Búdà ní má sọ bẹ́ẹ̀, odindi ẹ̀ ni. (Ewì kan tún wà nínú Sutta Nipata, àkójọ mìíràn, tó ń yin ẹni tó ń dá rìn bí àgbáǹréré, má fi í pamọ́, gbé e kalẹ̀ kó o dá a lóhùn.)

Nínú ìwé 1912 yẹn, Durkheim, ẹni tó ń rí àwùjọ nínú ohun gbogbo, nígbà tó kan ẹlẹ́sìn Búdà, ẹni tó yíjú sínú ara rẹ̀, tó ń ṣàṣàrò dípò kó gbàdúrà, ló yà fún wa. Ìwé Burnouf àti ti Oldenberg, àwọn òyìnbó onímọ̀ nípa ẹ̀sìn Búdà, wà lára ohun tó gbára lé, kò sì dúró lórí Sangha tó bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún ẹ rèé, fi tíọ́rì Durkheim ka ohun tí Durkheim fò. Nígbà tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ mi, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó bi mí pé tó bá jẹ́ pé ìwé àwọn òyìnbó ni Durkheim kà, ṣé kì í ṣe òyìnbó pẹ̀lú òyìnbó ni mò ń fi wéra? Ìbéèrè ńlá ni, wọ́n máa bi ìwọ náà. Ohun tó yọ mí ni pé mo ti ya ohun tí Durkheim gbọ́ nípa Búdà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn sutta, ìyẹn àwọn ìwàásù Búdà, fúnra wọn sọ, láti ojú ìwé kìíní dé ìparí, mi ò jẹ́ kí méjèèjì dàpọ̀ níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ “èmi” náà ńkọ́. Àwọn méjèèjì gbà pé kò sí èmi kan tó dá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, Mead, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, náà gbà nínú ìwé tí wọ́n fi nóòtì àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ tò jọ lẹ́yìn ikú ẹ̀, tó jáde ní 1934. Nínú ìwé ẹ̀sìn Búdà kan, mọ́ǹkì tó ń jẹ́ Nagasena bi Ọba Milinda léèrè nípa kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó gbé ọba wá, ṣé àgbá ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́, àbí ọ̀pá ẹ̀, àbí àjàgà ẹ̀, ọba ní rárá sí gbogbo ẹ̀. Bí “èmi” náà ṣe rí nìyẹn, orúkọ lásán ni fún ohun tó para pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1898, nígbà tí ọ̀rọ̀ Dreyfus, ọ̀gá ṣọ́jà Júù tí wọ́n dá lẹ́bi láìṣẹ̀, ń da ilẹ̀ Faransé rú, Durkheim kọ ọ́ gbangba pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di ohun mímọ́, pé ìyẹn ni ìgbàgbọ́ tó kù tó lè so àwùjọ òde òní pọ̀. Àwùjọ ló dá ẹni, òun náà ló tún ń bọ ẹni. Nínú ìwàásù kejì, Búdà ní kò sí èyí tá a lè nàka sí nínú ara àti èrò wa pé èmi rèé, kẹ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Mi ò rí bí a ṣe fẹ́ parí ìjà yìí, mi ò sì rò pé ó yẹ ká parí ẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ òfin àti ìlú, ẹ̀yìn Durkheim ni mo wà, torí ẹni tí wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀ lójú nílò kí ẹnì kan sọ pé ó níyì, ó sì ṣe pàtàkì. Tó bá di bí inú mi ṣe ń gbóná nígbà tí wọ́n fo orúkọ mi níbi ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, Búdà ló bá mi sọ̀rọ̀.

Weber, fọgbọ́n kà á. Ìwé tó kọ lórí ẹ̀sìn Híńdù àti ti Búdà, tó jáde díẹ̀díẹ̀ ní Jámánì ní 1916 sí 1917, kún fún ìmọ̀, ṣùgbọ́n kò dé Íńdíà rí, ó sì sọ pé ẹ̀sìn Búdà àtijọ́ ò bá ọ̀rọ̀ ìṣèlú da nǹkankan pọ̀. Ka Digha Nikaya, àkójọ àwọn ìwàásù gígùn Búdà, ìwàásù 5, 26 àti 27, kó o wá sọ bóyá o gbà. Nínú 26, ọba kò fún tálákà ní nǹkan, ìṣẹ́ wá bí olè, olè bí ohun ìjà, ohun ìjà bí ìpànìyàn, ọ̀kan ń fa èkejì. Nínú 5, wọ́n ní kí ọba fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, kó fún oníṣòwò lówó òwò, kó san owó fáwọn òṣìṣẹ́, ilẹ̀ á rọ̀. Nínú 27, àwọn èèyàn fúnra wọn ló jókòó yan ọba àkọ́kọ́. Sosiọ́lọ́jì wo ló tún kù? Stanley Tambiah, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, bá Weber fà á nínú ìwé tó kọ lórí Thailand ní 1976, wá ìwé yẹn.

Marx, mi ò ní kó o fi kún un. Tọ́wọ́ rẹ bá ń yún ẹ láti fi kún un, ọ̀dọ̀ Ambedkar ọmọ Íńdíà ni kó o gbà wọlé, ẹni tó kàwé ní yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà àti LSE ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin Íńdíà, tó kó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn wọ ẹ̀sìn Búdà ní Nagpur ní October 14, 1956, tó sì lọ sọ̀rọ̀ lórí Búdà àti Marx ní Kathmandu lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ní ibi tí wọ́n ń lọ jọra, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ ni kò jọra. Pọ́rọ́jẹ́ẹ̀tì tó dá dúró nìyẹn, fi í pamọ́ fún Másítàs.

Tí wọ́n bá ní ta ló ní kó o lọ máa wá tíọ́rì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, rán wọn létí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo ti Ifẹ̀, tó gbé tíọ́rì àṣùwàdà, ìyẹn bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń kóra jọ gbé pọ̀, kalẹ̀ látinú ẹsẹ Ifá, nínú jọ́nà International Sociology ní 1986. Ka iyàn tí wọ́n bá a jà lórí ẹ̀ náà.

Àwọn ará ilé á bi ẹ́ o. Màmá mi rí àwòrán Búdà lẹ́yìn ìwé lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé iṣẹ́ ilé ìwé ni, wọ́n sì gbà. Má bínú sí wọn.

Owó ìwé ò ní dí ẹ lọ́wọ́, gbogbo sutta tí mo dárúkọ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì SuttaCentral, wọn kì í jẹ dátà púpọ̀. Ka ìtumọ̀ ẹni méjì ó kéré tán fún ibi tó o bá fẹ́ gbára lé, torí ìwọ náà ò gbọ́ Pali, èdè tí wọ́n fi kọ wọ́n. Orí anomie ni kó o kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn ẹ̀ ìwàásù Sarnath, lẹ́yìn ẹ̀ òfin àwọn mọ́ǹkì, lẹ́yìn náà orí kìíní ìwé 1912. Lọ bá súpáfáísọ̀ rẹ pé o ti gé e kù sí ẹyọ kan: bí Sangha ṣe ń pààlà fún ìfẹ́ ọkàn, tá a bá fi ojú Durkheim wò ó. Tí wọ́n bá ṣì ní ó fẹ̀ jù, mú òfin tó kan wúrà àti fàdákà nìkan.