Ẹ Bi Wá Léèrè: Owó Àríyá Àwọn Náìtì, Ibo Ló Ń Gbà Lọ?

Láti ìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ ọrẹ àánú nínú ìwé ìròyìn yìí ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé lórí àwọn ẹgbẹ́ náìtì òyìnbó, àwọn tó ń wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tó ní àgbélébùú láyà, tí wọ́n ń ṣe àsè ńlá, tí wọ́n sì ń sọ pé torí àwọn aláìsàn làwọn ṣe ń ṣe é. Mo ti kó àwọn tó jọra pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ ńbẹ̀.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi níwèé ìpè síbi ijó alẹ́ tí ẹgbẹ́ náìtì kan fẹ́ ṣe, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wọ́n débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ò yé mi ni pé tó bá jẹ́ àánú ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí ló dé tí wọn ò kàn kówó fún ọsibítù, tó jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ jó, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu? — Ẹni tó fẹ́ mọ̀*

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá sanwó tán ni wọ́n tó ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Èyí tó lórúkọ jù nínú wọn, ìyẹn Order of Malta, ọsibítù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, idà ò tíì sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1048 làwọn oníṣòwò láti Amalfi nílẹ̀ Ítálì dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù fáwọn tó bá rìnrìn-àjò mímọ́ débẹ̀ tí àìsàn bá kọ lù, nígbà tó di 1113 Póòpù Paschal Kejì fọwọ́ sí i. Ogun lé wọn kúrò ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n gba Rhodes lọ, wọ́n dé Malta ní 1530, Napoleon tún wá lé wọn níbẹ̀ ní 1798, wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí Róòmù ní 1834, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà dòní. Ní Rhodes wọ́n kọ́ ọsibítù, ní Malta wọ́n kọ́ ọsibítù, èyí tí wọ́n kọ́ sí Valletta gan-an, àwo fàdákà ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn, àwọn náìtì fúnra wọn, ọmọ àwọn èèyàn ńlá Yúróòpù, ló sì máa ń gbé e fún wọn, tòní tèmi, tọ̀la tìẹ. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ohun tó dáa jù nínú ilé, aláìsàn ni wọ́n gbé e fún.

Nísinsìnyí, nípa ijó. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí lọ́rẹ̀ẹ́ tó lówó, ọ̀rẹ́ yẹn kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kò mọ ọsibítù kankan, tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà sí i pé kó fowó ránṣẹ́ kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pè é síbi ijó á wá, á ra odidi tábìlì kan, á pe àwọn èèyàn tiẹ̀ náà wá kún un, àwọn yẹn ni wọ́n á wá gbọ́ nípa ọsibítù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Nǹkan tí àríyá wà fún nìyẹn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, kí n má parọ́ fún yín, gbọ̀ngàn àti oúnjẹ àti àwọn olórin ló máa ń jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Ibi tówó gidi ti ń wọlé ni lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo, tí wọ́n ta raffle draw, tí wọ́n pín káàdì kékeré kan sórí tábìlì tẹ́ ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèlérí sí, èyí tí kò sí oúnjẹ kankan tó ń jẹ ẹ́.

Ní London, àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn lábẹ́ Order of Malta máa ń ṣe irú ijó bẹ́ẹ̀, White Knights Ball ni wọ́n ń pè é, ara owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń kó àwọn aláìsàn àti aláàbọ̀ ara lọ sí Lourdes nílẹ̀ Faransé, níbi táwọn Kátólíìkì ti máa ń rìnrìn-àjò mímọ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá dé Lourdes lóṣù karùn-ún, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ẹ máa rí àwọn kẹ̀kẹ́ búlúù kan tó ní ìbòrí bíi ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àgbàlagbà aláìsàn ló jókòó sínú ẹ̀, èèyàn kan wà níwájú tó ń fà á, òmíràn wà lẹ́yìn tó ń tì í. Ọ̀dọ́ tó ń fa kẹ̀kẹ́ yẹn lè jẹ́ ẹni tó jó dòru níbi ijó London. Ó ń ji aláìsàn láàárọ̀, ó ń wọṣọ fún un, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ pé ijó nìkan ni mo rí tí mi ò rí irú iṣẹ́ yìí nídìí ẹ̀, èmi ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ bi ọ̀gá yín léèrè pé iṣẹ́ wo ni ẹgbẹ́ yẹn ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ìdáhùn tó bá fún yín á tó yín í pinnu.

*Ẹ kú làákàyè o, Àǹtí. Amẹ́ríkà ni mo wà. Mo lọ sí dínà ẹgbẹ́ náìtì kan, tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 200 dọ́là, mo tún ra raffle draw. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ gbogbo ẹ̀ nínú owó orí torí pé àánú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Bọ̀dá tó ń ṣírò*

Rárá o, Bọ̀dá mi, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ kó yín sí wàhálà. Lọ́dọ̀ IRS, ìyẹn àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, ohun tó bá lé lórí iye nǹkan tí wọ́n fún yín padà ni wọ́n ń kà sí àánú. Ká ní oúnjẹ àti orin alẹ́ ọjọ́ yẹn tó 80 dọ́là, a jẹ́ pé 120 lẹ fi ṣàánú, ìyẹn náà sì jẹ́ tó bá jẹ́ pé ìjọba gba ẹgbẹ́ yẹn wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú. Owó tó bá ti ju 75 dọ́là lọ tí wọ́n sì fún yín ní nǹkan padà, dandan ni kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ síwèé fún yín pé iye báyìí ni nǹkan tẹ́ ẹ gbà tó, tí wọn ò bá tíì fún yín, ẹ lọ gbà á. Raffle draw kò wọ inú ẹ̀ rárá. Gbàǹjo náà, tẹ́ ẹ bá ra nǹkan níye tó tó, ọjà lẹ rà, iye tẹ́ ẹ bá fi lé e nìkan ni àánú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, tiyín ò jìnnà sí i. Gift Aid máa ń jẹ́ kí ìjọba fi 25 pẹ́nsì lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi tọrẹ, tẹ́ ẹ bá ń san owó orí níbẹ̀, àmọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì dínà kì í ṣe ọrẹ, raffle draw kì í ṣe ọrẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń ya owó oúnjẹ sọ́tọ̀ nínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ lè fínnúfíndọ̀ kọ tàánú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Àti pé nígbà tá a ti ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ máa yẹ ìwé wọn wò. Ní Íńgíláńdì àti Wales, Charity Commission ní rẹ́jísítà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àkáǹtì ẹgbẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Form 990 ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn ìwé ìṣirò owó tí ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí IRS, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú ló ń kọ síbẹ̀ iye tí àríyá mú wọlé àti iye tí àríyá jẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni iye tó ṣẹ́kù, torí wọ́n lè dúró lórí ìtàgé pariwo pé àwọn pa owó gọbọi lálẹ́ yìí, kó wá jẹ́ pé gbọ̀ngàn ló gbé e lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n wá ilé iṣẹ́ tó máa san owó gbọ̀ngàn àti oúnjẹ ṣáájú, kí gbogbo ohun tí àlejò bá mú wá lè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi orúkọ mi síta. Ẹnì kan kọ ímeèlì sí ìyá mi pé ẹgbẹ́ náìtì kan ti yàn wọ́n ní Dame, ìyẹn oyè náìtì tàwọn obìnrin, torí àánú tí wọ́n ń ṣe, pé wọ́n máa fi wọ́n joyè lókè òkun, wọ́n á jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ ọba. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ẹ̀wù, owó sátífíkéètì àti owó dínà. Màmá ti ń sọ fún gbogbo ẹbí. — Àkọ́bí Màmá*

Ẹ sáré dá owó yẹn dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára torí àwọn tó ní ọkàn àánú gan-an ni wọ́n máa ń dọdẹ.

Ẹgbẹ́ gidi kì í ta oyè nínú ímeèlì. Nínú àwọn ẹgbẹ́ Kátólíìkì, ẹni tó mọ̀ yín ló máa mú orúkọ yín lọ, fádà yín á mọ̀ sí i, wọ́n á wò yín fúngbà díẹ̀, wọ́n á ti rí yín níbi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àgbélébùú kọ́ yín lọ́rùn. Lóòótọ́ owó wà o, owó ìwọlé wà, ti ọdọọdún náà wà, kì í ṣe pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n owó yẹn kọ́ ló ń sọ èèyàn di náìtì.

Ayédèrú ẹ̀ pọ̀ débi pé lọ́dún 2012, ọ̀dọ̀ Póòpù ní Vatican kéde pé yàtọ̀ sí oyè tí Póòpù fúnra ẹ̀ ń fi dáni lọ́lá, ẹgbẹ́ méjì péré làwọn mọ̀, Order of Malta àti ti Holy Sepulchre, ìyẹn èyí tó ń ran àwọn ilé ìwé àti ìjọ Kátólíìkì ilẹ̀ mímọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo èyí tó kù ni jìbìtì o. Àwọn ẹgbẹ́ St John mẹ́rin wà, ti Jámánì, ti Netherlands, ti Sweden àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n da ara wọn pọ̀ ní 1961, àwọn àti Order of Malta sì jọ ní ìgbìmọ̀ kan tó ń tú àṣírí àwọn ayédèrú tó ń lo orúkọ wọn. Bí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé Templar àtayébáyé lòun, ìyẹn ẹgbẹ́ náìtì ajagun kan láyé àtijọ́, láti ìgbà náà wá tí ìlà ò já rí, ẹ rántí pé Póòpù Clement Karùn-ún ti tú ẹgbẹ́ yẹn ká ní 1312.

Òfin náà mọ̀ nípa ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1925 ni títa oyè ti di ẹ̀ṣẹ̀, lẹ́yìn tí aráàlú bínú pé wọ́n ń fi oyè ṣòwò nígbà tí Lloyd George jẹ́ olórí ìjọba. Maundy Gregory ni alárinà tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n lórí ẹ̀ ní 1933. Ítálì náà ní òfin tiẹ̀ láti 1951 pé ẹgbẹ́ àdáni ò gbọdọ̀ máa fi oyè náìtì jẹ èèyàn.

Ẹ má bá Màmá jà níwájú ẹbí o. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ fúnra yín wá àdírẹ́sì olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ gidi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ má lo nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì yẹn rárá. Ẹ jẹ́ kí Màmá fojú ara wọn ka ìdáhùn. Iṣẹ́ àánú tí wọ́n ti ń ṣe, tiwọn ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn níwájú gbogbo ẹbí tí wọ́n ti sọ fún.

*Pásítọ̀ kan ní ẹgbẹ́ awo ni gbogbo wọn. Àti pé kí ni wọ́n ń wọ̀ síbi àsè? — Ọmọ Kọ́là*

Àbúrò mi, ẹgbẹ́ St John ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ní London, gbangba, ní ìgbà ọdún St John nínú oṣù kẹfà, tó ń kọ orúkọ àwọn tó joyè síta, kí lawo nínú ẹ̀? Order of Malta ní aṣojú ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, wọ́n sì ní àyè olùwòye ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1994. Ní ti aṣọ, ka ìwé ìpè dáadáa. Tó bá ní "white tie", kóòtù onírù ẹ̀yìn gígùn àti tai funfun ni, àwọn tó ní àmì ẹ̀yẹ á lẹ kékeré ẹ̀ máyà. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọn kì í wọ̀ ọ́ jó.

*Àǹtí mi, iṣẹ́ wọn wù mí àmọ́ mi ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò sì mọ náìtì kankan. Ṣé ọ̀nà míì wà? — Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì*

Ọ̀nà wà dáadáa, Màmá mi, èyí tẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún Order of Malta ju àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ lọ́nà púpọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ò sì joyè kankan. St John Ambulance náà wà, ẹgbẹ́ St John tí Ọbabìnrin Victoria fún níwèé àṣẹ ní 1888 ló ni ín, wọ́n ń kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tó dákú. Nọ́ọ̀sì bíi tiyín, wọ́n á fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó kékeré lẹ ní, ẹ fi ránṣẹ́ tààrà. Ọsibítù Holy Family wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àwọn aláboyún ni Order of Malta ń gbẹ̀bí fún níbẹ̀ láti 1990, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ọsibítù ojú ti St John náà wà ní Jerúsálẹ́mù, 1882 ni wọ́n ṣí i. Méjèèjì ló ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tiwọn tí wọ́n ti ń gba ọrẹ, kò sí dínà nínú ẹ̀, ẹ má sì gbàgbé láti gba risíìtì.