Fífi fíìmù pẹ́ nínú oògùn kò lè mú inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣókùnkùn hàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni mo fi ń ya inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Inú wọn máa ń ṣókùnkùn, fèrèsé wọn sì máa ń mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń ta oògùn fíìmù fún mi ní kí n gbé nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù mi, HP5 Plus, ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó láti 400 sí 1600 lórí kámẹ́rà, kí n sì fi í sínú oògùn ìfọ-fíìmù ID-11 fún ìṣẹ́jú 14 dípò ìṣẹ́jú 7½, pé gbogbo ohun tó wà nínú òkùnkùn yóò jáde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òpó àti ìjókòó kò hàn, fèrèsé sì funfun báláú. Ìṣẹ́jú mélòó ni kí n tún fi kún un? Àbí kí n ra fíláàṣì tó lágbára?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú kankan kún un mọ́, nítorí pé àwọn ìṣẹ́jú tí ẹ ti fi kún un tẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó ba àwòrán yín jẹ́. Ọ̀rọ̀ fíláàṣì kò gba àlàyé púpọ̀: bí ohun kan bá jìnnà sí fíláàṣì ní ìlọ́po méjì ju èkejì lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjókòó tó wà nítòsí yín yóò funfun, pẹpẹ tó wà lọ́hùn-ún yóò sì wà nínú òkùnkùn rẹ̀. Ẹ fi owó fíláàṣì ra igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ta oògùn fún yín ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ó ń bí mi nínú, nítorí pé lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò níye, àwọn tó sì ń kọ ọ́ ti náwó, wọ́n ti rìnrìn àjò, wọ́n ti fi odindi òwúrọ̀ dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó gbé nẹ́gẹ́tífù òfìfo bọ̀ wálé. Wọ́n gbà pé oògùn ìfọ-fíìmù a máa fa ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú fíìmù, bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù, tó jẹ́ pé bó bá ṣe fún un pẹ́ tó ni omi yóò ṣe jáde tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Èérún iyọ̀ fádákà tíntìntín ló kún inú fíìmù. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kan èérún kan, àwọn átọ́ọ̀mù fádákà díẹ̀ yóò kóra jọ sí ojú kan lára rẹ̀, wọ́n á sì di àmì tí ojú wa kò lè rí. Àmì yìí ni oògùn ń wá. Ibi tó bá ti rí i ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí yóò fi sọ gbogbo èérún náà di fádákà dúdú. Èérún tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kò ní àmì, oògùn kò sì rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú 7 tàbí 14 ni ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í pẹ́ kọjá ààlà, oògùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn èérún tí kò ní àmì pàápàá di dúdú, ṣùgbọ́n kùrukùru lásán nìyẹn, tó bo gbogbo fíìmù bákan náà. Kò sí òpó tàbí ìjókòó kankan nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo apá fèrèsé. Lórí nẹ́gẹ́tífù, ohun tó mọ́lẹ̀ ló ń dúdú, ibẹ̀ sì ni èérún tó ní àmì pọ̀ sí jù lọ, nítorí náà gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi kún ìfọ ibẹ̀ ló ń lọ. Fèrèsé yóò máa ki sí i títí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di ńlá kò fi ní lè gbà á kọjá mọ́, nígbà tí òpó inú òkùnkùn ṣì wà ní ibi tó wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ferdinand Hurter àti Vero Driffield, àwọn méjì tó ṣèwádìí nípa fíìmù, ti tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1890, wọ́n sì fi hàn pé bí ìfọ bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ìyàtọ̀ láàárín ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣú ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wá ya inú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ìyàtọ̀ yẹn ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, kò yẹ kó tún máa wá ọ̀nà láti fi kún un.

Nọ́ńbà 1600 tí ẹ gbé e sí gan-an ló tún dá kún un. Fíìmù náà kò yí padà. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni ẹ purọ́ fún, òun náà sì ní kí ẹ fún fíìmù ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó gbà. Inú òkùnkùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n jù, ni àdánù náà ti dé. Mo gbà pé ọ̀nà yìí wúlò níbi tí àwọn èèyàn ti ń rìn, bí ìgbéyàwó tí a kò lè tan iná sí, nítorí pé àwòrán tí ìyàtọ̀ dúdú àti funfun rẹ̀ pọ̀ jù sàn ju èyí tó mì lọ. Àmọ́ òpó òkúta kì í rìn. Ó lè dúró dè yín fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ dá nọ́ńbà padà sí 400. Ẹ kọjú mítà sí ibi tó ṣú jù lọ tí ẹ ṣì fẹ́ kí nǹkan hàn níbẹ̀, bóyá abẹ́ ìjókòó tàbí ẹ̀yìn òpó. Mítà rò pé àwọ̀ eérú ni gbogbo ohun tó bá rí, nítorí náà ẹ dín àkókò rẹ̀ kù ní stóòpù méjì, ìyẹn ni pé kí ẹ pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ní ìṣẹ́jú àáyá 32, ẹ mú 8.

Ẹ má tíì ṣí kámẹ́rà o. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó rọra ń dé báyìí, átọ́ọ̀mù fádákà àkọ́kọ́ máa ń túká kí èkejì tó wá bá a, nítorí náà fíìmù kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Karl Schwarzschild, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1900. Pẹ̀lú ìṣirò tí Ilford, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe HP5 Plus, fúnra wọn gbé jáde fún un, ìṣẹ́jú àáyá 8 yóò di nǹkan bí 15, 30 yóò sì di nǹkan bí 86. Fíìmù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: ẹ má ṣe gbé iye ọ̀kan lé òmíràn lórí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá dín ìfọ kù, òdìkejì gan-an ohun tí wọ́n sọ fún yín. Nínú ID-11 tí a kò fi omi là, ní ìwọ̀n ooru 20°C, ìṣẹ́jú 7½ lè di 6. Ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ ìṣẹ́jú 5, nítorí pé oògùn lè ṣe iṣẹ́ lákàlà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn kí a fi omi là á dọ́gbadọ́gba, kí ìṣẹ́jú 13 rẹ̀ wá di nǹkan bí 10½, torí ó fúnni láyè láti ṣọ́ iṣẹ́ náà. Mítà yín àti bí ọwọ́ yín ṣe ń mi táńkì lè yàtọ̀ sí tèmi, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi fíìmù tí kò ṣe pàtàkì dán an wò.

Ní ti èyí tí ẹ ti yà, mi ò ní tàn yín: ohun tí kò sí lórí nẹ́gẹ́tífù, kò sí bí ẹ ṣe lè rí i nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń tẹ fọ́tò. Ẹ padà lọ yà á.

Títẹ̀ ẹ́ sórí pépà kò le tó bẹ́ẹ̀ bí nẹ́gẹ́tífù bá dára. Lórí pépà tó ń gba fílítà, ẹ kọ́kọ́ fi fílítà nọ́ńbà 00, tó rọ̀ jù lọ, tẹ òkúta àti fèrèsé, kí ẹ wá fi nọ́ńbà 5, tó le jù lọ, fún un ní dúdú tó jinlẹ̀, kí ẹ máa fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́ dán àkókò kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó lo odindi. Bí fèrèsé bá ṣì funfun jù, ẹ gé ihò sára páálí kan, kí ẹ fi í darí ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kí páálí náà má dúró lójú kan. Pépà aláwọ̀n òwú máa ń ṣú díẹ̀ sí i bó bá gbẹ, nítorí náà ẹ má ṣe ṣèdájọ́ rẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀.

Oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìṣeré. Mẹ́tọ́ọ̀lì, kẹ́míkà kan tó wà nínú ID-11, lè mú kí awọ ẹlòmíràn máa yún, kó sì máa bó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́, ẹ má lo ohun èlò ìdáná fún un, kí ẹ sì rí dókítà bí ara bá yún yín. Oògùn ìmúdúró tí ẹ ti lò kún fún fádákà, nítorí náà ẹ béèrè bí òfin ibi tí ẹ wà ṣe ní kí a dà á nù. Nígbà tí ẹ bá padà dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ya òpó kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú àáyá 15, 30 àti 60, ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìṣẹ́jú 6.