Ẹ Bi Kóòṣì: Ṣé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ti mọ̀ ọ́n kọ́ ọmọ náà nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 33 ni mí, ọwọ́ ẹ̀yìn ni mo ń gbá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbí. Orúnkún ọ̀tún mi ti dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, dókítà sì ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Mo fẹ́ di kóòṣì. Àwọn tí a jọ ń gbá ní kí n má wulẹ̀ náwó sórí kọ́ọ̀sì kankan, pé kí ni ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún 14 tún fẹ́ lọ kọ́? Wọ́n ní ṣebí orí pápá ni Stephen Keshi, tó di kóòṣì Super Eagles, ti kọ́ tiẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Agbábọ́ọ̀lù, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọjọ́ tí dókítà bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èèyàn kì í ṣe ọjọ́ téèyàn ń gbàgbé. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà tí wọ́n sọ tèmi, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni nílé sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ gbà ọ́ kò dáa, ìtàn Keshi tí wọ́n sì fi tì í lẹ́yìn, wọ́n fo ibi tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

Ní 1962 ni wọ́n bí Keshi sí Azare lápá àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Illah, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni ilé bàbá rẹ̀. Èkó níbí ló ti gbá bọ́ọ̀lù ọmọ iléèwé, ní St. Finbarr's tó wà ní Àkọkà, kó tó bọ́ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ACB, lẹ́yìn náà New Nigeria Bank ní ìlú Benin. Ní 1985, àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa fi òfin dè é, ló bá kọjá sí Abidjan. Láti ibẹ̀ ló ti dé Bẹ́ljíọ̀m, ó gbá fún Lokeren, ó sì bá Anderlecht gba líìgì ní 1991. Ó dé Strasbourg ní Faransé. Òun ni balógun ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994. Malaysia ló ti gbá àgbákẹ́yìn, ní 1998.

Ẹni tó ní gbogbo ìyẹn lẹ́yìn, ṣé ó wá jókòó sílé kó ní kí wọ́n gbé Super Eagles fún òun? Rárá. Amẹ́ríkà ló lọ láti lọ kọ́ṣẹ́ kóòṣì. Nígbà tó padà dé, igbákejì ló ṣe lábẹ́ Amodu Shuaibu, kóòṣì Super Eagles nígbà náà. Ní 2001, wọ́n gbé àwọn ọmọ tí kò tíì ju ogún ọdún lọ lé e lọ́wọ́, wọn ò sì rí ọ̀nà dé ìdíje àgbáyé. Ó forí tì í. Àti ìgbà tó bọ́ bàtà agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí dé ìgbà tó gba Ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì ní 2013, ọdún 15 ni. Ọdún 15 yẹn gan-an làwọn ọ̀rẹ́ rẹ fò.

Jẹ́ kí n sọ tèmi mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń sá, ohun tí wọ́n sì mọ̀ mí sí ni kí n gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ kó bọ́ sórí ẹni tó wà níwájú ilé. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú àwọn ọmọ ní Mọ́kọ́lá, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún 12 lọ bi mí pé, “Kóòṣì, ẹsẹ̀ òsì mi ńkọ́? Ibo ni kí n gbé e sí kí n tó gbá a?” Mo gbá a fún un kó wò. Ó gbìyànjú, bọ́ọ̀lù lọ sẹ́yìn góòlù. Mo tún gbá a, ó tún ṣì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tí ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ẹnu mi ò rí i sọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé bọ́ọ̀lù sí àárín yàrá, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi bíi pé ti ẹlòmíràn ni, títí mo fi rí i pé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù ni ẹsẹ̀ òsì ń dúró sí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí i, ìka rẹ̀ á sì kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Lọ́jọ́ kejì mo sọ ọ́ fún ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀kejì tó gbá a, ó bọ́ síbi tó yẹ.

Ohun tí mo lọ rà nìyẹn nígbà tí mo wọ National Institute for Sports ní Surùlérè: bí a ṣe ń tú ohun kan sí wẹ́wẹ́ kí ẹlòmíràn lè gbà á. Mo tún kọ́ iye eré tí ara ọmọ ọdún 13 lè gbé lọ́sẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń dá wa sáré nígbà tiwa, ó wà lára ohun tó ba orúnkún mi jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó ba tìrẹ náà jẹ́.

Ìwọ tó ń gbá ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù àti ẹni tí o ń mú lo máa ń wò. Ibi tí bọ́ọ̀lù ò sí ni kóòṣì ń wò. Wo ohun tí Keshi ṣe ní South Africa ní 2013. Ó kó àwọn tó ń gbá nílé dání: Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars Àkúrẹ́, àti Sunday Mba. Joseph Yobo, balógun ikọ̀, ló fi sórí bẹ́ǹṣì kí Oboabona àti Kenneth Omeruo lè gbá àárín ẹ̀yìn. Ìpinnu yẹn ò rọrùn. Keshi fúnra rẹ̀ ni balógun wa lọ sí Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà ní 1994, orí bẹ́ǹṣì ló sì ti wo ọ̀pọ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa. Ó mọ bó ṣe ń dun èèyàn, ó ṣì ṣe é. Mba ló gbá góòlù tó lé Côte d'Ivoire ti Drogba lọ sílé, 2-1, òun náà ló gbá ẹyọ kan tí a fi na Burkina Faso lọ́jọ́ 10 oṣù kejì. Ṣáájú Keshi, Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì.

Má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé ẹni tó lókìkí lórí pápá nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Tíṣà ni Adégbóyè Onígbìndé ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́, òun ló sì kó wa dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní 1984.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Láísẹ́ǹsì kóòṣì ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ní ìpele: D, C, B, A, kó tó kan Pro. Béèrè lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ yín ìgbà tí wọn yóò ṣe èyí tó kàn. Kó tó dìgbà náà, wá àwọn ọmọ kéékèèké ní àdúgbò, kí o máa kọ ohun tí ẹ ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé. Owó ò ní tètè wá, jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀ báyìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Kóòṣì, Keshi ló mú Togo dé Ife Àgbáyé 2006, kí ló dé tí kì í ṣe òun ló kó wa lọ sí Jámánì? Ó ṣì ń dùn mí. (Òǹkàwé, Àtàkpàmẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó ń dun èmi náà. Ẹ rántí pé Senegal, tó ti dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn lágbàáyé ní 2002, ni Togo gbà á mọ́ lọ́wọ́, tí ẹ fi na Congo 3-2 ní Brazzaville lóṣù kẹwàá 2005. Adebayor, atamátàsé yín, gbá góòlù 11 sáwọ̀n nínú ìdíje láti wọ Ife Àgbáyé yẹn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Togo pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi Ife Áfíríkà ní Íjíbítì, èdèkòyédè wà láàárín Keshi àti Adebayor, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún Otto Pfister. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni ẹ tún pàdánù ní Jámánì. Ohun tó dùn mí jù ni pé Keshi ti rí irú rẹ̀ rí. Amodu ló mú Nàìjíríà dé Ife Àgbáyé 2002, Keshi sì ni igbákejì rẹ̀, wọ́n lé wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ṣe é fún Amodu kí ti 2010 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbin iṣu, ó yẹ kó bá wọn jẹ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé Keshi fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó gba ife? (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Orí rédíò kan ní South Africa ló ti sọ ọ́. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa ti ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kí ìdíje tó parí, ìyẹn ló ká a lára. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ní 2014, ó mú wa dé ìpele mẹ́rìndínlógún ní Brazil, Faransé ló dá wa dúró, 2-0. Ìyàwó rẹ̀, Kate, kú lóṣù Kejìlá 2015. Òun náà tẹ̀lé e ní ìlú Benin lóṣù kẹfà 2016, ọmọ ọdún 54. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Amodu kú. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo ti ka ikú Keshi ní àárọ̀, àwọn ọmọ ti wà lórí pápá. Mo sọ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ipò tí Keshi ń gbá. Mo ní àárín ẹ̀yìn ni, mo sì fi ibi tó máa ń dúró sí hàn án.