Ìrẹsì tó ṣẹ́kù lálẹ́ àná, ṣé ó ṣeé fi ṣe púdíìnì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ìrẹsì funfun máa ń ṣẹ́kù nílé wa gan-an, torí bàbá àwọn ọmọ á ní àwọn ń bọ̀ wá jẹun alẹ́, wọ́n á sì ti jẹun wá láti ìta. Tó bá fi máa di àárọ̀ ó ti gan, àwọn ọmọ ò ní fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi tó wà ní London ní àwọn máa ń fi mílíìkì àti ṣúgà sè é di púdíìnì, mo gbìyànjú ẹ̀, mílíìkì jó mọ́dìí ìkòkò, ìrẹsì wà lọ́tọ̀, mílíìkì wà lọ́tọ̀. Báwo ni kí n ṣe é? – Ìyá Ìbejì, Ìsinkàn, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Ó ṣeé ṣe dáadáa, ó sì dùn, àmọ́ ká tó débi ìkòkò, ibo ni ìrẹsì yẹn sùn mọ́jú? Tó bá jẹ́ orí sítóòfù ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ dákun ẹ dà á nù, bó ti wù kó dùn yín tó. Kòkòrò kan wà tójú ò lè rí, Bacillus cereus ni wọ́n ń pè é, èso ẹ̀ tó wà lára ìrẹsì kì í kú tá a bá sè é, tí ìrẹsì bá wá wà nílẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ ó máa ń hù, á tu májèlé síbẹ̀, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbé e kaná tó tí májèlé yẹn máa kúrò. Èébì ló máa ń fà, nígbà míì kí wákàtí 6 tó pé. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti jẹun tán, ẹ tẹ́ ìyókù sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí 1, kẹ́ ẹ sì lò ó lọ́jọ́ kejì. Tí NEPA bá mú iná lọ mọ́jú tí fíríìjì ò tutù mọ́, ẹ má fi ọmọ dán an wò.

Ó yá, ìkòkò. Ìrẹsì gígùn tá à ń rà lọ́jà, wọ́n ti bọ̀ ọ́ nínú èèpo kí wọ́n tó bó o, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè yọ̀ǹda sítáàṣì inú ẹ̀, òtútù fíríìjì tún wá mú un le sí i. Mílíìkì nìkan ò lè rọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀pù ìrẹsì 2, ẹ bu omi ìlàjì kọ́ọ̀pù sí i, ẹ dé e, iná kékeré, títí á fi rọ̀ débi pé ìka lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ wá fi ẹ̀yìn síbí tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn ló máa so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ìgbà yẹn ni kọ́ọ̀pù mílíìkì 3 ń wọlé (tó bá jẹ́ ti agolo ẹ fi omi là á ní dọ́gbadọ́gba, tó bá jẹ́ oníyẹ̀fun ẹ fi omi tútù pò ó kó má baà dì), pẹ̀lú iyọ̀ táṣẹ́rẹ́. Ẹ máa fi síbí onígi ha ìdí ìkòkò, ẹ má kúrò níbẹ̀ lọ dáhùn fóònù. Ṣúgà síbí 3 tàbí 4, ìparí ni kó wọlé, torí tó bá tètè wọlé ó máa ń jó. Tó bá ti tó bí ogún ìṣẹ́jú tó ń ki bọ̀ ẹ sọ̀ ọ́, kó ṣì máa ṣàn díẹ̀ o, torí bó bá ṣe ń tutù ló ń ki.

Nutmeg díẹ̀ dáa lórí ẹ̀. Àmọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, kí ló dé tá ò ní fi kòkó sí i? Síbí kòkó lílọ̀ 1 tí ò ní ṣúgà, ẹ fi mílíìkì gbígbóná pò ó kẹ́ ẹ tó dà á sí i, àwọn ìbejì á lá abọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mílíìkì máa ń run màmá wa nínú. Ṣé wọn ò lè jẹ ẹ́ ni? – Yábàá, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè jẹ ẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni ṣúgà inú mílíìkì kì í dà nínú wọn, wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹ rin àgbọn, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ, òun lẹ máa lò dípò mílíìkì. Ẹ má jẹ́ kó hó yaya, torí òróró ẹ̀ máa ń yọ lọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọ̀fadà tó ṣẹ́kù ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Jọ̀lọ́ọ̀fù, rárá, ata àti àlùbọ́sà ò bá mílíìkì rẹ́. Ọ̀fadà ṣeé ṣe, àmọ́ òórùn ẹ̀ máa gba gbogbo mílíìkì náà, èmi ò ní fi ṣe é. Ẹ ge àlùbọ́sà àti ata rodo díẹ̀, ẹ fọ́ ẹyin sí i, ẹ dín in, kẹ́ ẹ fi jẹun àárọ̀.