Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mítà Mi Wà Lẹ́yìn Àgádágodo Ẹlòmíràn

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tí ẹ kọ sí wa láti agbègbè Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì dá lórí mítà iná. A gé wọn kúrú, a sì yọ ohun tí ó lè tú àṣírí àwọn tí ó kọ wọ́n.

Lẹ́tà kìíní

Okun o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Kabba ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó papò dà. Nígbà tí a pín ilé náà, apá ẹ̀yìn ni ó kàn mí, iwájú sì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé níbẹ̀. Ó fi apá tirẹ̀ háyà fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó máa ń lọ sí Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ Ajé, tí kì í padà títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mítà tèmi àti tirẹ̀ jọ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo wa ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé yìí ti fi ilẹ̀kùn onírin dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó sì ń ti àgádágodo mọ́ ọn. Ẹja dídì ni mò ń tà. Bí owó mítà mi bá tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lè ra tókìn, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sínú mítà, lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè dé ibi tí màá ti tẹ̀ ẹ́. Iná á wà ní gbogbo àdúgbò, ẹja tèmi á máa yọ́. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó ní olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ òun lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rí, àti pé òun ni òun san owó ilé. Ẹni tí ó ń bá wa ṣe iná ní òun lè fa wáyà láti òpó wọlé sí ọ̀dọ̀ mi láìgba inú mítà kọjá, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi ní ojútùú. Ṣé kí n gbà fún un, àbí kí n já àgádágodo?
*Ẹlẹ́ja, Kabba*

Ìdáhùn

Ẹ má gba ti wáyà, ẹ má sì já àgádágodo, ìyá wa. Fífa iná láti òpó láìgba inú mítà kọjá ni òfin ń pè ní olè jíjí iná, Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn lè torí rẹ̀ dé iwájú adájọ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná bá dé, inú ilé yín ni wọn yóò ti bá wáyà náà, ẹni tí ó fà á yóò sì ti lọ ilé rẹ̀. Ní ti àgádágodo, ọjọ́ tí ẹ bá já a ni gbogbo ohun tí ó bá sọnù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àti èyí tí kò sí níbẹ̀ rí pàápàá, yóò di ti ọrùn yín. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun lè tú mítà náà lálẹ́ kí òun gbé e sí ẹ̀yìn fún yín. Ọ̀pọ̀ mítà àsansílẹ̀ ni a ṣe lọ́nà tí yóò fi mọ̀ bí ènìyàn bá ṣí ìdérí rẹ̀; yóò pa iná fúnra rẹ̀, kò sì ní tan mọ́ títí iléeṣẹ́ iná yóò fi fi nọ́ńbà àkànṣe tú u sílẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé ayálégbé yìí ni ẹ kọjú ìjà sí, èmi kò sì rò pé òun ni ó yẹ kí ẹ kọjú sí. Ilé tí a fi hàn án ni ó gbà. Ẹ̀gbọ́n yín ni ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún un pé ẹlòmíràn ní ohun kan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tí yóò máa wá wò. Nígbà tí ẹ pín ilé, mítà yín ti wà níbẹ̀. Ẹni tí iwájú kàn gbà á pẹ̀lú ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń gbà dé ohun tí apá tirẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Òfin ilẹ̀ tí àwọn kóòtù wa ń lò mọ irú ẹ̀tọ́ ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìpín. Ẹ̀gbọ́n yín kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan háyà fún ẹlòmíràn, ayálégbé náà kò sì lè gbà ju ohun tí ẹni tí ó fún un ní lọ.

Nítorí náà, ẹ ké sí ẹ̀gbọ́n yín kí ó wá, kí olórí ẹbí àti ẹni tí ó darí ìpín ilé náà sì wà níbẹ̀. Ẹ ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ní ọ̀nà sí ibi mítà, kí àwọn tí ó jókòó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀gbọ́n yín sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé ayálégbé rẹ̀ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹbí kò bá rí i yanjú, ẹ mọ ọ̀nà olórí àdúgbò yín, ẹ sì mọ ọ̀nà ààfin Ọbaro, ọba Kabba. Èyí tí ó bá sì kọjá gbogbo ìyẹn, kóòtù wà fún un. N kò rò pé yóò dé ibẹ̀, nítorí ayálégbé kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹbí onílé mú òun dé kóòtù.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ olè tí ó sọ. Ẹni tí a ti jí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gbé kò ní fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu nítorí pé ẹlòmíràn fẹ́ tẹ nọ́ńbà. Kọ́kọ́rọ́ kejì, tí yóò wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán ní àgbàlá náà, yóò tó fún àsìkò yìí. Títí a ó fi fẹnu kò lórí ìyẹn, ẹ máa tẹ èyí tí yóò ká ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú tí ó bá wà nílé. Ojú mítà náà yóò sọ iye yúníìtì tí ó kù, ẹ ó sì mọ èyí tí fírísà yín ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, tí mo sì kà sí èyí tí ó wúwo ju tókìn lọ. Ibi mítà, níbi tí fíúsì ńlá àti ohun tí a fi ń pa gbogbo iná ilé sábà máa ń wà, ni ènìyàn ń sáré lọ bí wáyà bá gbiná tàbí bí omi òjò bá gba inú ògiri dé ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ Ọjọ́rú, tí kọ́kọ́rọ́ wà ní Lọ́kọ́ja, ẹrù ayálégbé yìí ni yóò kọ́kọ́ jóná, nítorí òun ni ó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ẹ sọ èyí fún un ní pẹ̀lẹ́tù. Ó lè wọ̀ ọ́ létí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lọ. Ẹ sì lè fi ti ọdún 2024 kún un: kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà, ọ̀pọ̀ mítà àsansílẹ̀ tí ó ń lo tókìn oní-nọ́ńbà 20 ni wọ́n ní láti fi nọ́ńbà àkànṣe méjì tún ṣe, èyí tí wọn kò sì ṣe nínú wọn kò gba tókìn tuntun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè dé ojú mítà rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ wọ gàù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí pátápátá, ẹ jẹ́ kí a gbé mítà náà kúrò níbẹ̀. AEDC, ìyẹn iléeṣẹ́ ìpín iná Àbújá, tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ti Kogí, ni ó ń pín iná fún ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ kọ ìwé sí ọ́fíìsì wọn tí ó sún mọ́ yín, ẹ fi nọ́ńbà mítà yín àti àwòrán ibi tí ó wà sí i, ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n gbé e sí ògiri ìta ní apá ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n fi èyí tí yóò wà lórí òpó rọ́pò rẹ̀, kí kípáàdì rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń tẹ tókìn, sì wà nínú yàrá yín. Òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni kí ó já èdìdì rẹ̀, ẹ sì gba rìsíìtì fún owó yòówù tí wọ́n bá ní kí ẹ san. Ní èrò tèmi, ẹni tí ó ń gba owó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó yẹ kí ó san owó náà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní kí ẹ dá a ní ìdajì-ìdajì, ẹ gbà kí ẹja yín lè simi.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ kọ̀wé sí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, ní Àbújá. Láti ìgbà tí òfin 2023 ti jáde, Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí NERC ti gbé àbójútó iná lé lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ sì ti ní àjọ tirẹ̀. Ẹ̀sùn lórí iléeṣẹ́ iná ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́. Wọn kì í bá ènìyàn bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Lẹ́tà kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdílé mẹ́rin ni a wà nínú ilé kan ní Ẹgbẹ̀, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò. Orí òpó ni ó wà. Kípáàdì rẹ̀ wà nínú yàrá ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa, tí a ń pè ní Bàbá. Bàbá kì í tẹ tókìn títí gbogbo wa yóò fi san iye kan náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní fírísà méjì, èmi kò sì ní ju gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan lọ. Bí mo bá fi owó tèmi ra tókìn, wọn kì í jẹ́ kí n rí kípáàdì. N kò fẹ́ wọ́ àgbà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sú mi.
*Ayálégbé, Ẹgbẹ̀*

Ìdáhùn

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò bá wọn sọ ọ́. Yúníìtì kan ni ohun tí ẹ̀rọ oníwáàtì 1000 ń jẹ ní wákàtí kan. Gílóòbù mẹ́ta oníwáàtì mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí wọ́n bá ń tàn fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì 9 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Fáànù oníwáàtì 60 yóò jẹ 18 bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún iye wákàtí kan náà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27. Fírísà kan oníwáàtì 150, tí mọ́tò rẹ̀ bá ń sáré fún wákàtí 12 lójúmọ́, yóò jẹ 54, méjì yóò sì jẹ 108. Bí iná kò bá tó bẹ́ẹ̀ ní Ẹgbẹ̀, àpapọ̀ yóò dín kù, ṣùgbọ́n ti Bàbá yóò ṣì pọ̀ ju tiyín lọ fíìfíì. Ẹ má lọ kọ ìṣirò yìí sí ẹnu ọ̀nà wọn o. Onílé ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí òun pe gbogbo yín jókòó, kí olúkúlùkù ka ohun tí ó ní. Nígbà náà, kò ní jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ pe àgbà ní oníyànjẹ.

Mítà kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí oníṣẹ́ iná lè so mọ́ wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò fi ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ hàn. Iléeṣẹ́ iná kì í tìtorí rẹ̀ kọ owó fún ẹnikẹ́ni, àárín ara yín nìkan ni ó wà fún. Èyí tí ó dára jù ni kí onílé gba mítà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa rán an létí.

Ní ti kípáàdì, kò yẹ kí ó wà ní yàrá ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kí gbogbo yín lè rí iye tí ó kù. Tókìn mítà kan kò ṣiṣẹ́ lórí mítà mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń wọlé, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jí níbẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná pẹ̀lú bóyá irú mítà yín gba kípáàdì kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á.

Lẹ́tà kẹta

Ìyàrà ni mo wà. Ògiri ilé mi ni wọ́n kan mítà aládùúgbò mi mọ́ láyé àtijọ́. Aago méjìlá òru ni ó máa ń wá kan géètì pé òun fẹ́ tẹ káàdì. Ṣé mo lè tì í mọ́ ìta?
*Onílé, Ìyàrà*

Ìdáhùn

Ẹ kò lè dí ọ̀nà rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ àsìkò fún un. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́ kò ni ẹnikẹ́ni lára, bí kò bá ti jẹ́ pé iná ń jó tàbí wáyà ń ta pàràpàrà. Bí ó bá di òru mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó fi nọ́ńbà 20 náà ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí ọmọ yín bá a tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ sọ èyí fún un lójú ẹnì kejì, kí ó má baà ní ẹ lé òun. Bí ó bá sì fẹ́ máa rí mítà rẹ̀ ní aago tí ó wù ú, ara ògiri tirẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí iléeṣẹ́ iná gbé e lọ. Owó ìyẹn, òun ni yóò san án. Tiyín ni láti gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí ẹ sì rí i pé wọ́n dí ihò tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lára ògiri.