Ìbéèrè Yín: Power supply olówó pọ́ọ́kú wo ni kí n lò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to LED, mọ́tò kékeré, Arduino àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì 9V ni mò ń lò, kì í pẹ́ kú rárá. Power supply orí tábìlì tí mo rí, owó ẹ̀ ga jù fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́. Ti kọ̀ǹpútà, ìyẹn ATX, wáyà pupa ẹ̀ ni 5V, yẹ́lò 12V, aláwọ̀ ọsàn 3.3V, dúdú ni ground, ìyẹn ibi tí iná ń gbà padà, tó o bá so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú kan báyìí fáànù ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ti tàn nìyẹn. Àmọ́ agbára ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. 5V yẹn lè tú 20A jáde, tí wáyà tín-ín-rín méjì bá ṣèèṣì kan ara wọn power supply ọ̀hún lè má tiẹ̀ fura, ńṣe ni rọ́bà wáyà á kàn máa yọ́. Má sì tú ikùn ẹ̀ o, kapásítọ̀ inú ibẹ̀ lè ṣì gbé iná tó tó 300V lẹ́yìn tó o ti yọ ọ́ lára iná.

Bọ́tìnì fóltì làwọn èèyàn máa ń wò, bọ́tìnì tó ń dá current, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, dúró gan-an lọ̀gá. Òun ló máa sọ pé “ó tó” tó o bá to nǹkan sódì.

Tèmi ni pé kó o wá ṣájà láptọ́ọ̀pù àtijọ́, 19V ló sábà máa ń jẹ́, kó o ra bọ́ọ̀dù buck converter, èyí tó ń rẹ fóltì sílẹ̀, tó ní CC/CV, ìyẹn ni pé ó lè di current àti fóltì mú síbi tó o bá fi wọ́n sí. Wò ó dáadáa, èyí tó ní skúrù idẹ kéékèèké méjì ni kó o mú, ọ̀kan fún fóltì, ìkejì fún current, torí onískúrù kan ò lè dá current dúró. Yí ti fóltì sí 5V kọ́kọ́, kó o wá fi mítà sí 10A, fi wáyà ẹ̀ méjèèjì kan ojú ibi tí iná ń gbà jáde, máa yí skúrù kejì títí mítà á fi ka 0.2A. O lè yí i bí ìgbà mẹ́wàá kí nǹkan kan má yí padà, kò bàjẹ́, ṣáà máa yí i lọ. LED ṣì nílò résísítọ̀ ẹ̀ o! Tó bá jẹ́ ṣíìpù LM2596 ló wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, 3A ni wọ́n kọ, èmi kì í jẹ́ kó kọjá 2A torí ó máa ń gbóná gan-an.

Power supply àlòkù ńkọ́? Kò burú. Kó o tó sanwó, fi í sí 5V, so mítà mọ́ ọn, pa á kó o tún tàn án, tí mítà bá fò lọ sí 8V, 9V kó tó padà wálẹ̀, fi sílẹ̀ fún wọn.