Ṣé kí n fi Zinfandel yìí pamọ́ títí ọmọ mi á fi gboyè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kúbwà ní Àbújá ni mo ń gbé. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó lọ́dún 2014, ọ̀gá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé fún wa ní ìgò wáìnì pupa Zinfandel méjì. A mu ọ̀kan lọ́jọ́ náà, mo gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè fíríìjì ní kíṣìnì. 2012 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, wọ́n sì kọ "Old Vine" sí i, nítorí náà mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ gan-an kó tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bó bá pé ogún ọdún, á ti le ní ìlọ́po méjì, owó gidi ni wọ́n á sì fi rà á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi bá gboyè yunifásítì ni mo fẹ́ ṣí i. Ṣé kí n dá ìgò náà dùbúlẹ̀ ni àbí kó wà lóòró?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ ìdùbúlẹ̀ àti òòró yẹn kéré sí èyí tó wà nílẹ̀. N ó dé ibẹ̀. Òkè fíríìjì tẹ́ ẹ gbé e sí ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ooru tí fíríìjì ń gbà kúrò lára oúnjẹ, ẹ̀yìn ara ẹ̀ ló ń tú u sí, òkè ló sì ń gùn lọ. Láti ọdún 2014 wá, ẹ ń yan ọtí yẹn ni.

"Old Vine" kò sọ pé ọtí ti pẹ́. Igi àjàrà tó ti dàgbà ló ń bá wí. Zinfandel kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́, orúkọ irú èso àjàrà kan ni, bí a ṣe ní ewùrà tá a ní èsúrú nínú iṣu. Ní Kalifọ́níà, àwọn igi Zinfandel kan wà tí wọ́n ti gbìn láti nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890 tó ṣì ń so títí dòní. Èso wọn kì í pọ̀, àmọ́ adùn ẹ̀ máa ń ki. Òfin Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ dá iye ọdún tí igi gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó kọ "Old Vine" sára ìgò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn máa wú yín lórí jù. 2012 yẹn, ọdún tí wọ́n kórè èso ni. Ọmọ ọdún méjì péré ni ọtí náà nígbà tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó. Ọjọ́ ìgbéyàwó yín gan-an lọjọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbọ́ ọ láàárín oṣù yìí nìkan, ó sì ti ń sú mi. "Bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń le." Ẹmu ló kọ́ wa ní èyí. Ẹmu tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn mọ́ni lẹ́nu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ta. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan, ó sì lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀. Bùrùkùtù tí wọ́n ń tà níhìn-ín náà bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú wọn, ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí ní wákàtí dé wákàtí. Ti wáìnì inú ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ parí nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Bí wọ́n bá kọ ìdá 15 nínú 100 sára ìgò yín gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọtí líle tó wà nínú ẹ̀, ìdá 15 náà lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́dún 2032. Wáìnì tó bá ń le sí i lábẹ́ kọ́ọ̀kì, á jẹ́ pé ìwúkàrà ti jí padà nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde á sì ti kọ́ọ̀kì síta. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ mo mọ ohun tó tàn án jẹ. Ó ti mu èyí tó pẹ́ rí, ó sì jó o lọ́nà ọ̀fun.

Wáìnì pupa máa ń yí padà lóòótọ́ nínú ìgò. Ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ nínú ẹ̀, bí obì ṣe ń fúnni lẹ́nu, là ń pè ní tánínì. Èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tánínì àti èròjà tó fún ọtí láwọ̀ á máa so mọ́ra, wọ́n á máa tóbi, wọ́n á máa wúwo, títí wọ́n á fi rì. Òun ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ máa ń rí ní ìdí ìgò. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe oògùn tẹ́nì kan fi síbẹ̀, bí oníbàárà mi kan ṣe fẹ̀sùn kàn mí. Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹnu á máa rọ̀, àwọ̀ tó pọ́n bíi zóbò á di ti bíríkì, bó bá sì yá, á máa jọ tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Òórùn náà á yí. Ọ̀dọ́ Zinfandel máa ń rùn bí èso tí wọ́n sè ní jáàmù tí wọ́n wá wọ́n iyèré díẹ̀ lé lórí. Bó bá pẹ́, òórùn èso tútù yẹn á lọ, ti dàbínù, awọ àti ewé tábà á gba ipò ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn ìyẹn ju ti ìgbà èwe ẹ̀ lọ. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, bí ọtí náà bá jẹ́ irú èyí tó lè dé ibẹ̀.

Ibi tí Zinfandel ti yàtọ̀ rèé. Èso ẹ̀ kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí òṣùṣù kan, ẹ lè rí èyí tó ṣì le, èyí tó pọ́n dáadáa àti èyí tó ti gbẹ hunjọ. Bí wọ́n bá dúró kí èyí tó le pọ́n, ṣúgà inú àwọn yòókù á ti pọ̀ jù, ṣúgà yẹn náà ló ń di ọtí líle. Ìdí nìyí tí ìdá 14 àbọ̀, 15, tàbí 16 kì í fi í ṣe ìyanu lára ìgò Zinfandel. Nígbà tí ọtí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, adùn èso ló ń bo líle yẹn mọ́lẹ̀. Tó bá pẹ́, èso á rẹ̀ ẹ́, ọtí líle kò ní rẹ̀. Aṣọ bọ́, ara kù. Ẹni tó bá mu ún nígbà náà á ní ó ti le sí i. Kò le sí i. Ohun tó ń bò ó láṣìírí ló lọ.

Torí èyí, ọ̀pọ̀ jù lọ Zinfandel, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn ìkórè ló yẹ kéèyàn ti mu ún. Àwọn kan wà tó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ridge, ilé iṣẹ́ wáìnì kan ní Kalifọ́níà, ti ń ṣe wáìnì tí wọ́n ń pè ní Geyserville láti ọdún 1966, Lytton Springs tiwọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń da èso míì bíi Petite Sirah àti Carignane mọ́ Zinfandel, ìgò wọn sì lè pé ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó ṣì máa dùn. Ṣùgbọ́n inú yàrá tó tutù tó nǹkan bíi dígírì 13, tọ̀sán-tòru, là ń sọ o. Kì í ṣe Kúbwà.

Lóṣù Mẹ́ta, Àbújá máa ń tó dígírì 36 tàbí 37 níta, ká má tíì sọ ti Sókótó àti Màídúgùrì tó ń kọjá 40. Ìṣirò ojú tá a máa ń lò nínú kẹ́mísìrì ni pé bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá lé, iṣẹ́ àwọn èròjà á yára tó ìlọ́po méjì. Ẹ fi iyẹn wo dígírì 13 sí dígírì 33, kẹ́ ẹ wá ka iye ọdún tí ìgò yín ti lò gan-an. Ooru kì í kàn sáré mú ọtí dàgbà lásán, ó ń sè é ni. Lọ́dún 2019, transformer àdúgbò wa jó lóṣù Mẹ́ta, a ò rí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì, ínfátà mi ò gbé e. Nígbà tí mo ṣí yàrá tí mo kó wáìnì ara mi sí, kọ́ọ̀kì mẹ́fà ti yọrí síta, ọtí ti ṣàn sí ara lébẹ̀ẹ̀lì. Mo sunkún, mi ò purọ́.

Ẹ ò sì mọ ohun tójú ìgò mìíràn ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó gba èbúté Èkó wọlé, tírélà ló ń gbé e gba Lókójà wá nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà, àwọn kan á tò ó sójú wíńdò ṣọ́ọ̀bù kó lè máa dán, wọ́n á tún wá pè é ní "vintage". Ìjẹkújẹ owó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìdùbúlẹ̀: bó bá jẹ́ kọ́ọ̀kì ló wà lẹ́nu ẹ̀, dídùbúlẹ̀ ló dára, kí ọtí máa kan kọ́ọ̀kì, kó má gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè èèyàn níhìn-ín. Bó bá jẹ́ ìdérí tí wọ́n ń lọ́, bó ṣe wù yín. Ní ti owó, ẹni tó ń ra wáìnì àtijọ́ lówó gidi máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tó sùn lálaalẹ́. Kí lẹ fẹ́ sọ?

Ẹ ṣí i. Lọ́sẹ̀ yìí bó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbé e dúró lóòró lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rì, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 20 lálẹ́ Ẹtì. Àwọn tó ní wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì, ilé olótùútù ni wọ́n ń gbé. Ẹ rọra fa kọ́ọ̀kì. Bó bá fọ́, ẹ fi asẹ́ tíì tó mọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró nígbà tí dúdú bá ti ń bọ̀. Bó bá ń rùn bíi dàbínù tàbí jáàmù tó jóná díẹ̀, ẹ mu ún kíákíá, torí kì í pẹ́ tó fi ń kú lẹ́yìn tí atẹ́gùn bá ti kàn án. Bó bá ń rùn bíi fínígà, tàbí oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, tàbí páálí tó rin, ẹ dà á nù láìsí ẹ̀dùn. Mi ò rí ìgò náà o, imú yín ló máa ṣèdájọ́. Ẹni tó lóyún, ẹni tó fẹ́ wakọ̀, ẹni tó ń lo Flagyl, kó yẹra fún un. Ẹni tó bá sì ní wáìnì pupa ń fọ ẹ̀jẹ̀, kó lọ rí dókítà.

Súyà bá Zinfandel mu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mài súyà kó dín yájì kù, torí ọtí líle máa ń mú kí ata ta sí i.

Ní ti ọmọ yín, ẹ ra ìgò tuntun lọ́dún tó bá gboyè. Tàbí bó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ tọ́jú nǹkan, ẹ wá Vintage Port, wáìnì dídùn tó le ti Pọtogí, òun ni wọ́n ṣe láti pẹ́. Òun náà ò fẹ́ ooru o.

Ẹni tó kọ̀wé láti Kánò: ẹ mọ òfin ìpínlẹ̀ yín, mi ò ní kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa gbé ìgò wọlé. Màmá tó béèrè láti Lókójà nípa White Zinfandel aláwọ̀ rósì tó dùn yẹn: èso kan náà ni, wọn ò kàn jẹ́ kó pẹ́ nínú èèpo. Kì í pamọ́ rárá. Ọdún kan, ó pẹ́ jù méjì. Ẹ mu ún ní tútù, màmá, ẹ má dúró de Kérésì.